Patch kò wọlé nítorí encoding: UTF-16, PowerShell àti àmì ohùn Yorùbá nínú Git

Atúmọ̀Ètò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà kóòdù. Ètò kọ̀ǹpútà kan là ń túmọ̀ sí Yorùbá, Git la sì fi ń tọ́jú àwọn fáìlì rẹ̀. Windows ni àwọn kan nínú wa ń lò, Mac ni ti àwọn kan, Linux ni ti ìyókù. Nǹkan mẹ́ta ló ń dí wa lọ́wọ́.

Èkínní, `git diff` kì í fi ohun tó yí padà nínú `yo.rc` hàn wá. Ohun tó ń sọ kò ju "Binary files a/yo.rc and b/yo.rc differ" lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú fáìlì náà. `Localizable.strings` náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì, bí ẹni tó wà lórí Windows bá fi `git diff > yo.patch` ṣe patch (fáìlì tó ń kó àyípadà lọ fún ẹlòmíràn) nínú PowerShell, tó fi ránṣẹ́ sí wa, `git apply` á ní "No valid patches in input".

Ẹ̀kẹta ló ń dààmú wa jù. Nínú `yo.po`, diff ń mú ìlà méjì jáde, ọ̀kan ní `-`, èkejì ní `+`, wọn ò sì yàtọ̀ lójú rárá, títí dórí àmì ohùn. Patch tó bá kan irú ìlà bẹ́ẹ̀ á kọ̀: "patch does not apply". Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ká ti mú un?

---

BáìtìNìkan

Ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ti orí èkejì bẹ̀rẹ̀, òun ló yá jù.

Windows PowerShell 5.1, èyí tó ń bá Windows wá, kì í gbé báìtì tí Git tú jáde sínú fáìlì bó ṣe wà. Á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, á wá fi UTF-16LE (encoding, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, tó ń lo báìtì méjì-méjì) kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi BOM (báìtì tó ń fi encoding hàn, `FF FE` níbí) síwájú rẹ̀. `git apply` ń wá `diff --git`, ìyẹn báìtì `64 69 66 66` níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá nínú fáìlì ni `FF FE 64 00 69 00 66 00 66 00`. Kò rí ohun tó jọ patch níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

    xxd yo.patch | head -n 2

Bí `fffe` bá wà níwájú, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí Git fúnra rẹ̀ kọ fáìlì náà, kí PowerShell má fọwọ́ kàn án:

    git diff --output=yo.patch

`cmd /c "git diff > yo.patch"` náà á ṣe é. Láti PowerShell 7.4 lọ sókè, báìtì ń kọjá láìyí padà. Ṣùgbọ́n 7.0 sí 7.3 ṣì ń tú u kí wọ́n tó tún un kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé UTF-8 ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí náà wọ́n ṣì lè bà á jẹ́.

Ẹ má sì rò pé `iconv -f UTF-16 -t UTF-8` (àṣẹ tó ń yí encoding padà) nìkan ti tó láti tún patch tó ti bàjẹ́ ṣe. Àwọn ìlà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì á padà bọ̀ sípò, ti Yorùbá ò ní padà. Bí code page console (encoding tí fèrèsé àṣẹ Windows ń lò) bá jẹ́ 437, báìtì mẹ́ta tó di ẹ, `E1 BA B9`, ti di `ß║╣` kó tó dénú fáìlì. Ọ ti di `ß╗ì`. iconv á kàn gbé `ß║╣` yẹn wọ UTF-8 ni. Bí `chcp` bá fi 437 hàn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe patch náà, èyí lè dá a padà:

    iconv -f UTF-16 -t CP437 yo.patch | tr -d '\r' > yo2.patch

`tr` wà níbẹ̀ nítorí pé PowerShell ti sọ òpin gbogbo ìlà di CRLF (`0D 0A`, òpin ìlà ti Windows). Bí fáìlì tí patch náà kàn bá ń lo CRLF fúnra rẹ̀, ẹ má fi `tr` sí i. Lójú tèmi, ẹ ní kí onítọ̀hún tún patch náà ṣe. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, kò sì ní sí iyèméjì kankan nínú rẹ̀.

---

ÌyáRepo

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ti èkínní.

Git kì í wo orúkọ fáìlì kó tó pinnu bóyá ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Báìtì 8000 àkọ́kọ́ ló ń wò; bó bá rí báìtì `00` kan ṣoṣo níbẹ̀, ó ti kà á sí binary. Nínú UTF-16LE, gbogbo lẹ́tà ASCII ló ní `00` lẹ́yìn. Ẹ wo `ọjà`: `CD 1E 6A 00 E0 00`. Ọ yọ nínú rẹ̀, j àti à ò yọ. Àyè àti àmì ìdánudúró náà ní `00` tiwọn, nítorí náà kò sí fáìlì UTF-16 gidi kan tó máa bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò yẹn.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo `git diff --text`. Ẹ má fi ṣe patch. Lẹ́yìn `0A` ni diff ń gé ìlà, bẹ́ẹ̀ òpin ìlà nínú UTF-16LE jẹ́ `0A 00`. Ó máa gé lẹ́tà sí méjì: `00` tó ṣẹ́kù á bọ́ síwájú ìlà tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn `+` tàbí `-`. Kò sí encoding kan tí irú patch bẹ́ẹ̀ bá mu, nítorí ASCII ni àwọn ìlà orí rẹ̀, UTF-16 tó ti gé ni inú rẹ̀. Editor tó bá ṣí i, tó sì fi í pamọ́, ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ohun tó yẹ ni kí UTF-8 wà nínú repo (ibi tí Git ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà sí), kí UTF-16 wà lórí disk ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìkan. Git 2.18 (2018) ló mú `working-tree-encoding` wá, `UTF-16LE-BOM` sì dé ní 2.21 (2019). Ẹ kọ èyí sínú `.gitattributes`, fáìlì tó ń sọ fún Git bó ṣe máa ṣe fáìlì kọ̀ọ̀kan:

    yo.rc text working-tree-encoding=UTF-16LE-BOM eol=crlf

Lẹ́yìn náà:

    git add .gitattributes
    git add --renormalize .
    git status
    git commit

Ẹ wo `git status` dáadáa kí ẹ tó ṣe commit, kí ẹ rí i pé fáìlì tí ẹ ní lọ́kàn nìkan ló yí padà. Ẹ sì kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ `*.rc` bí kò bá dá yín lójú pé UTF-16 ni gbogbo wọn, nítorí `.rc` àtijọ́ tó jẹ́ windows-1252 pọ̀. `file *.rc` á sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́.

Orúkọ encoding yẹn ń fẹ́ ìṣọ́ra. Bí ẹ bá kọ `UTF-16LE` láìsí `-BOM`, tí BOM sì wà nínú fáìlì, Git á kọ̀ ọ́, á ní "BOM is prohibited". Bí ẹ bá kọ `UTF-16` lásán, á gba fáìlì tó ní BOM wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbé e jáde, iconv ẹ̀rọ náà ló máa pinnu bóyá LE ni (báìtì kékeré ló ṣáájú) tàbí BE (báìtì ńlá ló ṣáájú). Àwọn irinṣẹ́ Windows kan kì í gba BE. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá `UTF-16LE-BOM` sílẹ̀.

Commit àkọ́kọ́ yìí ṣì máa hàn bíi binary nínú log, torí ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀ ṣì jẹ́ UTF-16. Láti orí èyí tó bá tẹ̀ lé e, diff, merge àti blame á máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ kọ́kọ́ merge gbogbo branch tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó ṣe é: branch tó ṣì ní UTF-16 nínú kò ní bá èyí tó ti di UTF-8 mu rárá.

`git apply` mọ `working-tree-encoding`, nítorí náà patch UTF-8 á wọ fáìlì UTF-16 tó wà lórí disk. `patch` ti GNU kò mọ̀ ọ́n, ẹ má lò ó níbẹ̀.

Ní ti `Localizable.strings`, `genstrings` ló ń kọ ọ́ ní UTF-16, ṣùgbọ́n Xcode ń gba UTF-8 láìsí wàhálà. Ẹ sọ ọ́ di UTF-8 pátápátá, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá tún lo `genstrings`:

    iconv -f UTF-16 -t UTF-8 Localizable.strings > t && mv t Localizable.strings

---

ÒpinÌlà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún ti ÌyáRepo. Ẹ má ṣe kọ `yo.rc text eol=crlf` láìfi `working-tree-encoding` sí i. Bí ẹ bá fi dandan lé e pé ọ̀rọ̀ ni, Git ò ní yẹ `00` wò mọ́. Nígbà checkout, á wá gbogbo `0A` tí `0D` kò ṣáájú. Nínú UTF-16LE, CRLF jẹ́ `0D 00 0A 00`, `00` ló wà níwájú `0A`, nítorí náà Git á ti `0D` kan bọ àárín:

    0D 00 0A 00 61 00   →   0D 00 0D 0A 00 61 00

Báìtì kan ló lé, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì ti ṣí kúrò ní ipò. `61 00` tó jẹ́ "a" ti di `00 61`, ìyẹn U+6100, lẹ́tà Ṣáínà. Ní òpin ìlà tó tẹ̀ lé e, báìtì kan tún lé, ipò tún padà ṣe déédéé. Bí ẹ bá ṣí fáìlì kan tí ìlà kan jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìkejì jẹ́ Ṣáínà, ìkẹta jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa wò.

Ohun kejì: kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló mọ `working-tree-encoding`. Ìwé Git fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa JGit, libgit2 àti àwọn Git tó ti pẹ́. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbé `yo.rc` jáde ní UTF-8, resource compiler á sì kà á lọ́nà òdì. Kí gbogbo ẹgbẹ́ yín kọ `git --version` sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

---

WoDiff

Ṣé kò rọrùn ju báyìí lọ? Textconv wà, ìyẹn àṣẹ tí Git ń gbé fáìlì gbà kó tó fi diff hàn. Ẹ kọ `yo.rc diff=utf16` sínú `.gitattributes`, kí ẹ wá ṣe:

    git config diff.utf16.textconv "iconv -f UTF-16 -t UTF-8"

Diff á hàn ketekete, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú repo.

---

ÌyáRepo

@WoDiff, ó dáa fún ojú, kò dáa fún patch. Ohun tí textconv mú jáde kì í ṣe báìtì tó wà nínú fáìlì, nítorí náà diff tó bá ti ibẹ̀ wá kò lè wọlé níbikíbi. `format-patch` kì í tilẹ̀ lò ó. Merge ò sì jàǹfààní nínú rẹ̀: bí ẹni méjì bá fọwọ́ kan `yo.rc`, "Cannot merge binary files" ni wọ́n máa bá pàdé. Mo gbà pé ó wúlò fún kíka ìtàn àtijọ́, àwọn commit tó wà kí ẹ tó ṣe renormalize. Níbẹ̀, ẹ lò ó.

Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ fi àyípadà UTF-16 ránṣẹ́ láìsí `working-tree-encoding`, `git diff --binary` ló kù. Patch rẹ̀ á wọlé bí fáìlì ẹni tó gbà á bá bá tiyín mu ní báìtì sí báìtì. Bí ìlà kan bá yàtọ̀, kò wọlé mọ́.

---

ÀmìOhùn

Ẹ̀kẹta ló kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an. Ẹ mú `ọjà`. Ọ̀rọ̀ kan ni lójú, nínú fáìlì ó lè jẹ́ méjì:

    E1 BB 8D 6A C3 A0
    6F CC A3 6A 61 CC 80

Ti òkè jẹ́ báìtì mẹ́fà: U+1ECD fún ọ, j, U+00E0 fún à. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ méje: o pẹ̀lú àmì abẹ́ U+0323, j, a pẹ̀lú àmì ohùn U+0300. NFC lorúkọ ti òkè, NFD ni ti ìsàlẹ̀. Lójú Unicode, bákan náà ni wọ́n. Font náà ń fi wọ́n hàn bákan náà. Ṣùgbọ́n diff àti patch kì í ka lẹ́tà. Báìtì ni wọ́n ń fi wé báìtì, bí ọ̀kan bá ti yàtọ̀, ìlà ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ti àwọn lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ tún le sí i, nítorí pé Unicode kò ní kóòdù ẹyọ kan fún ẹ̀, ẹ́, ọ̀ tàbí ọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ́ lè gbà wọ fáìlì, bí keyboard bá ṣe kọ ọ́:

    U+1EB9 U+0301
    U+0065 U+0323 U+0301
    U+0065 U+0301 U+0323
    U+00E9 U+0323

NFC á sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún wà tí NFC ò lè wò sàn: àwọn keyboard kan ń lo ìlà kékeré abẹ́, U+0329, dípò àmì abẹ́ U+0323. Àmì ọ̀tọ̀ ni Unicode ka èyí sí, kò sì sí normalisation (sísọ oríṣi ọ̀nà ìkọ lẹ́tà kan di ọ̀kan ṣoṣo, bíi NFC) tó máa so ó mọ́ U+0323. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ pinnu èyí tí ẹ fẹ́. Mo dá a lábàá pé kí ẹ lo U+0323, nítorí òun ló wà nínú ẹ, ọ àti ṣ tó ní kóòdù ẹyọ kan.

Láti mọ bóyá ohun tó ń ṣe yín nìyí, ẹ gba ìlà méjèèjì náà láti inú diff:

    git diff po/yo.po | grep '^[-+]' | xxd | less

Bí ẹ bá rí `cca3` ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ rí `e1ba b9` tàbí `e1bb 8d` ní ẹ̀gbẹ́ kejì, NFD ń bá NFC jà. `cca9` ni U+0329. (xxd ń pín báìtì ní méjì-méjì, nítorí náà àyè lè bọ́ sáàárín wọn.)

Ẹ kọ èyí sí `tools/nfc.py`:

    import sys, unicodedata
    s = sys.stdin.buffer.read().decode('utf-8')
    s = s.replace('\u0329', '\u0323')
    sys.stdout.buffer.write(unicodedata.normalize('NFC', s).encode('utf-8'))

Mo lo `.buffer` kí Python lórí Windows má baà yí òpin ìlà padà tàbí kó yan encoding tirẹ̀. Nínú `.gitattributes`, ẹ fi `po/yo.po text eol=lf filter=nfc` sí i. Filter ni àṣẹ tí Git ń gbé fáìlì gbà kó tó wọ repo. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe èyí lórí ẹ̀rọ tirẹ̀:

    git config filter.nfc.clean "python3 tools/nfc.py"
    git config filter.nfc.smudge cat
    git config filter.nfc.required true

Config kì í bá clone rìn, ẹni tí kò bá ṣe é ò ní filter. Nítorí náà, ẹ fi àyẹ̀wò kan sí CI (ètò tó ń yẹ kóòdù wò fúnra rẹ̀) pẹ̀lú, tó máa kọ̀ bí fáìlì bá yàtọ̀ lẹ́yìn normalisation:

    python3 tools/nfc.py < po/yo.po | cmp - po/yo.po

Filter náà máa kan `msgid` (ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tí ẹ ń túmọ̀ nínú `.po`) pẹ̀lú. Bí `msgid` yín bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lásán, kò séwu. Bí kóòdù náà bá ní ọ̀rọ̀ olámì nínú tó jẹ́ NFD, `msgid` ò ní bá a mu mọ́, ẹ ó rí i tí `msgmerge` ń sọ ìtúmọ̀ tó dáa di fuzzy (èyí tó ń dúró de àtúnyẹ̀wò).

---

Atúmọ̀Ètò

Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á fún yín lókun. `cca3` ni mo rí ní ẹ̀gbẹ́ `-`, `e1bb 8d` ní ẹ̀gbẹ́ `+`. Ìbéèrè méjì: àwọn patch tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kí a tó fi filter sí i ńkọ́? Orúkọ fáìlì ńkọ́? A ní `ìrànlọ́wọ́.md`, nọ́ńbà ni Git fi ń kọ ọ́.

---

ÀmìOhùn

Ẹ gbé patch náà gba inú script kan náà:

    python3 tools/nfc.py < titun.patch > titun-nfc.patch
    git apply --check titun-nfc.patch
    git apply titun-nfc.patch

Normalisation kì í fi ìlà kún un, kì í sì í yọ ìlà, nítorí náà iye ìlà tó wà nínú `@@` ṣì pé. Hunk (ìdì ìlà kan lábẹ́ `@@`) tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ NFC àti NFD nìkan ló wà nínú rẹ̀ á di `-` àti `+` tó jọra pátápátá. Kò ní ba nǹkan jẹ́. Ẹ má lo `--3way` fún irú patch yìí: ìlà `index` inú rẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí ẹ̀dà NFD, ibẹ̀ ni Git á sì lọ gbìyànjú rẹ̀.

---

BáìtìNìkan

Ti orúkọ fáìlì: `git config core.quotepath false`. Bí kò bá sí i, gbogbo báìtì tó ju ASCII lọ ni Git ń fi octal kọ, ẹ á di `\341\272\271`. Ìfihàn nìkan ni, orúkọ gan-an ò yí padà.

Lórí Mac, kí `core.precomposeunicode` jẹ́ `true`. HFS+ ń sọ orúkọ fáìlì di NFD; APFS ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ètò kan lórí Mac ṣì ń mú NFD wá. Linux gba orúkọ NFC àti NFD bíi fáìlì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí méjèèjì bá sì wọ inú repo, ẹni tó wà lórí Mac ò ní lè gba méjèèjì papọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ASCII sọ fáìlì lórúkọ, kí àmì ohùn wà nínú fáìlì.

Bí ẹ bá ń fi patch ránṣẹ́ nípasẹ̀ í-meèlì, `git format-patch` ni kí ẹ lò, ẹ so ó mọ́ í-meèlì, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọ̀rọ̀. `git am` máa ń yí encoding ọ̀rọ̀ commit àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ padà bó bá yẹ, ṣùgbọ́n ara patch kì í yí padà rárá. Bí ètò í-meèlì bá ti bà á jẹ́ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wọlé. Kí ẹ tó gbà á, ẹ wá àmì méjì: `áº¹` tàbí `á¹£` túmọ̀ sí pé wọ́n ka UTF-8 bíi windows-1252, ìyẹn ṣeé tún ṣe. `?` níbi tí ẹ tàbí ṣ yẹ kó wà kò ṣeé tún ṣe, báìtì `3F` ló ti rọ́pò lẹ́tà náà. Ẹ béèrè fún òmíràn.

---

Atúmọ̀Ètò

Gbogbo rẹ̀ ti ń wọlé, àyàfi patch kan tí hunk àkọ́kọ́ rẹ̀ ń kọ̀ lórí ìlà kìíní `yo.po`. Nínú `git diff`, `<U+FEFF>` ló wà níwájú ìlà yẹn.

---

ÒpinÌlà

BOM UTF-8 nìyẹn, `EF BB BF`. Editor kan lórí Windows ló fi í síbẹ̀. Ìlà kìíní ti ní báìtì mẹ́ta tí patch ò mọ̀ nípa rẹ̀. NFC kì í yọ ọ́ kúrò. Ẹ yọ ọ́ báyìí:

    LC_ALL=C sed -i '1s/^\xEF\xBB\xBF//' po/yo.po

Sed GNU lèyí. Ti Mac ń fẹ́ `-i ''`, ó sì lè má mọ `\x`, nítorí náà ẹ ṣe é lórí Linux tàbí nínú Git Bash. Kó má baà padà wá, ẹ fi `.editorconfig` sínú repo:

    [*.po]
    charset = utf-8
    end_of_line = lf

Ẹ tún lè fi ìlà kan kún `nfc.py`, kó wà lókè `replace`: `s = s.removeprefix('\ufeff')`. Python 3.9 sókè ló ní `removeprefix`. `yo.rc` kò gbọ́dọ̀ gba inú filter yìí, ó nílò BOM tirẹ̀.